Táyà Tí Wọ́n Rán Kì Í Ṣe Ti Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Òṣìṣẹ́ á ní táyà kò dára, awakọ̀ á ní fọkanáísà ti tún un ṣe, kò sì jò mọ́. Òótọ́ ni, kò jò. Àmọ́ táyà tí kò jò yàtọ̀ sí táyà tó lè gbé èrò láti Ọjọ́ta dé Ìbàdàn.

Bí ìṣó bá gún ojú táyà, níbi tó ń tẹ ilẹ̀, tí ihò náà kò sì ju mìlímítà 6 lọ, ó ṣeé lẹ̀. Kí fọkanáísà tú u kúrò lára ríìmù, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó dí ihò náà, kó sì lẹ pátì mọ́ ọn látinú. Okùn rọ́bà tí wọ́n ń fi irin tì bọ ihò láti ìta, ti pàjáwìrì ni: kí awakọ̀ lè rọra dé ibi tí wọn yóò ti tú táyà ni.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ńkọ́? Kò gba àtúnṣe. Kò gba pátì, kò gba rírán, kò gba kí wọ́n gé awẹ́ táyà àlòkù tẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n wá ki túùbù bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ yìí ló ń tẹ̀ tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí. Okùn inú rẹ̀ ló di ẹrù mú. Bí okùn náà bá ti gé, kò sí òwú tó lè rọ́pò rẹ̀. Eré á mú ooru wá, ooru á dẹ ojú rírán, táyà á bẹ́. Bó ti wù kí ọwọ́ fọkanáísà dá tó, ìdáhùn kò yí padà. Àwọn kan á ní àwọn ti fi irú rẹ̀ rin ìgboro fún oṣù mélòó kan. Ìgboro kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, iye tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà márosẹ̀.

Táyà tí awakọ̀ wà lọ lẹ́yìn tó ti jò tán ńkọ́? Ihò rẹ̀ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, síbẹ̀ ríìmù ti lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ látinú. Bí wọ́n bá tú u, ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú á máa dà sílẹ̀. Táyà náà ti kú nìyẹn.

Táyà tó bẹ́ lójú eré lè pa èèyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ pé táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ wà nínú ìjàm̀bá tó pa mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja.

Kí ẹni tó fẹ́ ra táyà tòkunbọ̀ ní kí wọ́n fi inú rẹ̀ han òun, torí ọ̀dà dúdú ń bo ojú pátì níta. Kó sì ka nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Táyà tí wọ́n rán kò yẹ nínú búùtù pàápàá gẹ́gẹ́ bíi sípíà. Bí ilẹ̀ bá ṣú sí awakọ̀ lọ́nà, òun náà ni yóò fà yọ.