Pákó Ilẹ̀ Tó Ń Di Ara Wọn Mú: Iṣẹ́ Ọjọ́ Méjì fún Òbí, Ọmọ àti Bàbá Àgbà

Ẹ wọ ilé àwọn èèyàn wa káàkiri Atlanta lónìí, ní Lawrenceville o, ní Lithonia o, ní Stone Mountain o, kápẹ́ẹ̀tì ti ń dín kù nílẹ̀. Pákó lẹ máa rí. Ó ní ilà bíi ti igi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, rọ́bà ni, tàbí lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù. Pákó kan di èkejì mú, èkejì di ẹ̀kẹta mú, títí yàrá á fi kún.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú, torí pé òbí tó bá mọ̀ ọ́n lè ṣe yàrá kan fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Mo tún fẹ́ sọ ìdí tí mo fi rò pé iṣẹ́ yìí dáa fún ilé tó bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Yorùbá. Iṣẹ́ software ni mò ń ṣe, mi ò kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Torí náà, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀rọ ni màá ṣe ṣàlàyé èyí.

Àdúgbò wa ni wọ́n ti ń ṣe é

Tẹ́ ẹ bá gba I-75 lọ sí àríwá láti Atlanta, bíi máìlì 90, ẹ máa dé Dalton. Ní agbègbè yẹn, ní 1895, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Catherine Evans fọwọ́ ṣe aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan tí òwú yọ sókè lára rẹ̀. Ní 1900, ó ta ọ̀kan ní dọ́là 2.50. Àwọn obìnrin àdúgbò kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n ń sá aṣọ wọn sórí okùn lẹ́bàá títì Highway 41 kí àwọn arìnrìn-àjò lè rà á. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kápẹ́ẹ̀tì ló gba òde, Dalton sì di ìlú tí wọ́n ń pè ní olú-ìlú kápẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Shaw Industries wà níbẹ̀ títí dòní. Mohawk Industries wà ní Calhoun, tí kò jìnnà sí i. Àwọn méjèèjì ló ń ta pákó ilẹ̀ báyìí.

Àmọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni ìdè náà ti wá. Ní 1977, ilé-iṣẹ́ Perstorp ní Sweden ló ṣe pákó ilẹ̀ tó ní àwòrán igi lójú, èyí tí wọ́n wá ń tà ní orúkọ Pergo. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra nígbà náà. Kó tó di ọdún 2000, ìdè tí kò nílò gọ́ọ̀mù ti dé: Välinge ti Sweden ní tirẹ̀, Unilin ti Belgium náà ní tirẹ̀, tí wọ́n pè ní Uniclic, ní 1997. Mohawk ra Unilin ní 2005, ó sì ra Pergo ní 2013. Ọ̀rọ̀ ìdè yìí dé ilé ẹjọ́ dáadáa. Ní oṣù January 2007, US International Trade Commission pàṣẹ pé kí pákó laminate tó bá lo ìdè àwọn tó ni ín láìgbàṣẹ má ṣe wọ Amẹ́ríkà. Ẹ rò ó wò: etí pákó tí ò nípọn tó ìka ọmọdé ni gbogbo ìjà yẹn dá lé.

Ọ̀nà méjì ni ìdè gbọ́dọ̀ dí

Ọ̀nà méjì ni pákó méjì fi lè kúrò lára ara wọn. Ọ̀kan lè gbéra sókè kí èkejì wà nílẹ̀. Tàbí kí wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àlàfo ṣí láàárín wọn. Ìdè tó dáa gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ wo ẹní fóòmù aláràbarà tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń rá lé lórí. Eyín rẹ̀ gbòòrò lórí, ó sì tín-ín-rín lọ́rùn, torí náà ẹ ò lè fà á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá lè fi ìka kan ṣí i sókè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dí.

Ẹ wá wo pákó igi gidi nínú àwọn ilé tó ti pẹ́ ní Decatur tàbí West End. Ẹ̀gbẹ́ kan ní ahọ́n, ẹ̀gbẹ́ kejì ní ihò tóóró. Ahọ́n wọ ihò, kò séyìí tó lè dá gbéra sókè nínú wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà fi ń kan ìṣó mọ́ ọn. Ọ̀nà kejì nìkan lòun náà dí.

Pákó tòde òní da méjèèjì pọ̀. Akọ àti abo làwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa máa ń pe irú nǹkan báyìí: akọ ni ahọ́n, abo ni ihò. Ètè ìsàlẹ̀ abo gùn ju ètè òkè lọ, ó sì ní òkìtì kékeré kan tó yọ sókè. Lábẹ́ akọ, kòtò kékeré kan wà. Tẹ́ ẹ bá gbé akọ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 20 sí 30, kẹ́ ẹ tì í wọ abo, kẹ́ ẹ wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀, kòtò á jókòó lé òkìtì. Ahọ́n ò ní jẹ́ kó gbéra, òkìtì ò sì ní jẹ́ kó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ tún gbé e dagẹ̀rẹ̀, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀gbẹ́ gígùn nìyẹn. Níbi ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, àwọn kan ní ahọ́n ike tó máa ń sún wọlé tó sì tún ń yọ jáde, bíi ti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ máa kàn tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ni. Välinge pe tirẹ̀ ní 5G. Kò kan fóònù o.

Ilẹ̀ tó léfòó

Pákó yìí ò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó léfòó ni. Gbogbo yàrá di odindi kan, ó ń fẹ̀, ó sì ń súnkì. Ooru ló ń mú onírọ́bà fẹ̀, ọ̀rinrin ló ń mú laminate fẹ̀, àwa tá a sì ń gbé Georgia mọ bí oṣù July ṣe ń rí. Torí náà, ẹ fi àlàfo bíi íǹṣì 1/4 sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri yíká; pákó ìsàlẹ̀ ògiri ló máa bò ó. Ẹni tó bá fi ìṣó kan pákó mọ́lẹ̀, tàbí tó kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná lé e lórí, ti so ó mọ́ ibì kan. Ibòmíràn ni ìdè á ti já.

Ẹ jẹ́ kí páálí wà nínú yàrá náà fún wákàtí 48 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ nǹkan mìíràn. Ilẹ̀ abẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ́jú: ọ̀pọ̀ ló gba gegele tí kò ju íǹṣì 3/16 lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ má jẹ́ kí orí pákó ìlà kan bọ́ sí ọ̀gangan ti ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi íǹṣì 6 sí 8 yà wọ́n, ó kéré tán. Onírọ́bà, ẹ fi ọ̀bẹ fàlà sí i lójú, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Laminate, ayùn ni, kẹ́ ẹ sì máa rẹ́ ẹ níta.

Tí ọmọ kékeré bá wà nílé

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, ẹ̀yin òbí.

Tí wọ́n bá kọ́ ilé yín kí 1980 tó dé, tẹ́ ẹ sì rí táìlì onígun mẹ́rin, íǹṣì 9 sí 9, tí gọ́ọ̀mù dúdú wà lábẹ́ rẹ̀, asbestos lè wà nínú ẹ̀. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì ha á. Ẹ pe ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá tíì là, wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ tẹ́ pákó tuntun lé e lórí, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ kí 1978 tó dé, òjé lè wà nínú ọ̀dà tó wà lára pákó ìsàlẹ̀ ògiri. Kí ọmọ má sí nítòsí tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́.

Ní ti laminate, ètò tẹlifíṣọ̀n 60 Minutes sọ ọ̀rọ̀ formaldehyde síta ní oṣù March 2015. Lónìí, ẹ wá àkọlé "TSCA Title VI" lára páálí. Ní ti onírọ́bà, phthalate ni ẹ máa ṣọ́ra fún. Home Depot, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Atlanta níbí, kéde ní 2015 pé àwọn máa yọ ọ́ kúrò nínú pákó onírọ́bà táwọn ń tà kí ọdún yẹn tó parí. Ní ti ẹní fóòmù, Belgium ní 2010 àti France ní 2011 dá títà rẹ̀ dúró nítorí formamide. Ẹ tú u sílẹ̀ níta fún ọjọ́ mélòó kan kí ọmọ tó sùn lé e.

Àpáàdì Ifẹ̀

Tí àwọn ọmọ bá bi yín bóyá àwọn baba ńlá wa ní nǹkan tó jọ èyí, ẹ dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, kí òyìnbó tó dé etíkun wa, wọ́n ti ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀. Wọn kì í sábà tẹ́ ẹ ní pẹrẹsẹ. Wọ́n á nà án ró, etí rẹ̀ sókè, wọ́n á tò ó ní ìlà-ìlà. Níbòmíràn, ìlà kan á dagẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á dagẹ̀rẹ̀ sósì, bí eegun ẹja. Wọ́n tún máa ń to òkúta funfun kéékèèké mọ́ ọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú u jáde ní Ìta Yemòó, ní Lafogido àti ní ilẹ̀ Ọbalárá. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní Benin àti Togo pẹ̀lú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ìlú báyẹn. Àpáàdì ò ní akọ, kò ní abo. Ó fún mọ́ra débi pé kò sí èyí tó ráyè yẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń mú wá

Ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ kan ló tó fún gbogbo ohun téèyàn lè mú wá fúnni. Nínú yàrá yìí, á gbọ́ mẹ́ta kó tó di ọ̀sán: gbé páálí yẹn wá, mú pẹ́ńsùlù wá, kó àwọn ègé yẹn wá. Á gbọ́ tì í, tẹ̀ ẹ́, wọ̀n ọ́n, gé e, ṣẹ́ ẹ, rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Á mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta la fi ń ka nǹkan: ení, èjì, ẹ̀ta, pákó kan, pákó méjì, pákó mẹ́ta, ìlà kìíní, ìlà kejì, ìlà kẹta. Tó bá sì nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àgbà, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú."

Nígbà tá a ṣe yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa, bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè kúnlẹ̀, torí náà wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń ka ìlà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń gbé pákó. Nígbà tá a dé ìlà kẹsàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé ìyá wọn ní Òṣogbo: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa, Mansion polish ní gbogbo Sátidé, bí wọ́n ṣe ń fi àkísà nù ún títí á fi máa dán, àti ìyà tó ń jẹ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún wa nígbà tá a wà ní kékeré.

"Ta ló bi mí?" ni wọ́n wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ti sùn." Wọ́n wá yíjú sí ọmọ mi: "Ìyàwó mi, ìlà mélòó ló kù?"

"Ó ku mẹ́rin, Bàbá Àgbà."

Kíláàsì Sátidé dáa, àwọn àpù orí fóònù náà dáa. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọmọ ń kọ́ Yorùbá nítorí pé wọ́n ní kó kọ́ ọ ni. Níbi iṣẹ́, ó nílò ọ̀rọ̀ náà kí pákó tó wọlé. Àgbà tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kó jókòó kó pìtàn náà máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó lójú. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá ń bọ̀ lọ́dún yìí, ẹ dá iṣẹ́ kan dúró dè wọ́n. Kò dìgbà tó bá jẹ́ odindi yàrá. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ má da ìyókù nù. Ẹ tọ́jú páálí kan, torí pé àwọ̀ yẹn lè má sí lọ́jà mọ́ tí pákó kan bá bàjẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kọ orúkọ yàrá náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é, àti orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín ṣe é sí ara páálí náà, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn.