Ẹni Tí Ń Tọ́jú Aláìsàn Nílé, Ta Ni Ń Tọ́jú Rẹ̀?

Obìnrin kan wọ dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, ó ní òun wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í ṣe fún ara rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Mo wò ó, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo ní kó jókòó kí n wọn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò: 170 lórí 110. Mo tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kò yàtọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èmi kò ṣàìsàn o, oorun ni n kò rí sùn.” Mo kọ ìwé lé e lọ́wọ́ kó lọ rí dókítà ní Àgbádárìgì.

Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ó ń wẹ aláìsàn, ó ń fọ aṣọ tí ó tọ̀ sí, ó sì tún ní ẹja láti yan. Bí àlejò bá dé, aláìsàn nìkan ni wọn yóò béèrè.

Bí oorun bá dá lójú yín, tí ẹ ń sunkún láìnídìí, tí ẹ ń jágbe mọ́ aláìsàn, ara ti ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ti sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé àwọn a máa rò ó pé ìbá sàn kí aláìsàn náà kú, lẹ́yìn náà ẹ̀rù Ọlọ́run a bà wọ́n. Ìkà kọ́ ni wọ́n, àárẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìrònú náà kò bá lọ, tàbí tí ó di pé ẹ fẹ́ pa ara yín lára, ẹ má bò ó. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Aró, l'Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí olúkúlùkù mú ẹbí kan, ó kéré tán, wá. Ẹbí náà ni ń se oúnjẹ, òun ni ń fọṣọ, òun ni ń mú aláìsàn lọ fún ìtọ́jú láàárọ̀, tí ń mú un padà lọ́sàn-án. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹbí náà kò dá wà: onílé wà nítòsí, dókítà náà wà nítòsí.

Nílé tiwa ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé, “Ẹ ràn mí lọ́wọ́.” Ẹ dárúkọ iṣẹ́. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín tó wà l'Ékòó pé owó tó ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n òru Sátidé di tirẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ilé lè máa yí ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má bàa dá sí i lára. Kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí tí ń wá gbàdúrà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹnì kan jókòó ti aláìsàn fún wákàtí kan, kí ẹ̀yin fi sùn. Yóò yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n.

Obìnrin tí mo wí yìí ti ń lo oògùn tirẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló ń wá sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó kùn díẹ̀ kó tó gbà. Nígbà tó ṣe òru méjì, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó ní báwo ni a ti ń gbé ẹni tí kò lè dìde. Mo ní kó tẹ orúnkún, kó fa ìyá mọ́ra, kó má fi ẹ̀yìn nìkan gbé e.