Ṣé ilẹ̀ yín lè gbé ilé tí ẹ fẹ́ kọ́? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àyẹ̀wò ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ kọ́lé ló máa ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò símẹ́ǹtì, irin àti yanrìn. Ìbéèrè tí wọn kì í sábà bèèrè ni pé: irú ilẹ̀ wo ló wà lábẹ́ pulọ́ọ̀tì yìí, ṣé ó sì lè gbé ilé tí a fẹ́ kọ́?

Owó tí onílé rò pé òun fi pamọ́ níbẹ̀ lè di gbèsè lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ògiri á lanu, ilẹ̀kùn kò ní ṣe é tì mọ́, ilé á sì máa rì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ilé tó wó ni ilẹ̀ jẹ̀bi rẹ̀. Kọnkéré tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó àti àjà tí wọ́n fi kún ilé láìsí nínú àwòrán rẹ̀ náà máa ń wó ilé. Àmọ́ bí ìpìlẹ̀ kò bá bá ilẹ̀ mu, símẹ́ǹtì tó dára jù lọ kò lè gba ilé náà sílẹ̀.

Ilẹ̀ ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àpáta kò jìnnà sí òkè ilẹ̀, ilẹ̀ pupa tó le ló sì bò ó.

Èkó yàtọ̀. Ní Lẹ́kìí àti àwọn àdúgbò míì tó sún mọ́ ọ̀sà, yanrìn ni wọ́n fi dí irà ní ọ̀pọ̀ ibi. Òkè lè gbẹ kó sì le, síbẹ̀ kí amọ̀ rírọ̀ tàbí ewé àti igi tó ti jẹrà wà nísàlẹ̀. Bí ilé bá ti tẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ á máa fún jáde díẹ̀díẹ̀, ilé á sì máa rì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Borno, Yobe, Gombe àti Adamawa, amọ̀ dúdú kan wà tó máa ń wú nígbà òjò, tó sì máa ń sunkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú rẹ̀ wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra ní Ghana pẹ̀lú. Ilé kékeré ló máa ń jìyà rẹ̀ jù, torí kò wúwo tó láti tẹ amọ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń wú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò?

Àwọn ẹnjiníà á gbẹ́ kòtò tàbí kí wọ́n lu ihò lọ sísàlẹ̀, wọ́n á sì máa bu ilẹ̀ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Nínú ihò náà, wọ́n á ju òòlù tó wúwo tó kílò 63.5 láti òkè sẹ̀ǹtímítà 76 lu páìpù kan. Wọ́n á ka iye ìgbà tí òòlù náà bà á kó tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ilẹ̀ náà rọ̀. Bó bá tó 40 tàbí 50, ó le.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á wo bí ilẹ̀ náà ṣe ń wú àti bó ṣe ń sunkì lábẹ́ ẹrù. Wọ́n á tún ṣàkọsílẹ̀ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ dé.

Ihò kan ṣoṣo kò tó. Ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà nínú pulọ́ọ̀tì kan, ilé tí apá kan rẹ̀ bá sì rì ju ìkejì lọ ló máa ń lanu.

Irú ìpìlẹ̀ wo ló bá ilẹ̀ yín mu?

Bí ilẹ̀ bá le nítòsí òkè, ìpìlẹ̀ tó ń tọ abẹ́ ògiri lọ lè tó fún ilé kékeré.

Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè da kọnkéré onírin kan ṣoṣo sábẹ́ gbogbo ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní raft. Àmọ́ raft kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn. Bí irà bá jìn ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, gbogbo ilé lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí amọ̀ rírọ̀ bá jinlẹ̀, òpó gígùn tí wọ́n ń pè ní páìlì ni wọ́n máa ń gbà kọjá lọ sí ilẹ̀ líle.

Ilé gogoro Pisa ní Italy jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọdún 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì tíì kọ́ ọ parí tó ti ń fì, torí amọ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn ju bíi mítà 3 lọ. Wọ́n tì í pa ní 1990, wọn kò sì ṣí i padà títí di 2001, lẹ́yìn tí wọ́n wa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

• Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹnjiníà tó ya àwòrán ìpìlẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é kí ẹ tó san owó ilẹ̀ tán.

• Ẹ má ṣe lo èsì aládùúgbò yín.

• Ẹ lo ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN. Ìwé èsì gbọ́dọ̀ sọ bí ihò ṣe jìn tó, ibi tí omi wà, ẹrù tí ilẹ̀ lè gbé àti irú ìpìlẹ̀ tó yẹ.

• Bí ẹ bá fẹ́ sọ ilé ilẹ̀ di alájà, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ lè má gbà á.

• Bó bá jẹ́ pé òkè òkun lẹ ti ń fi owó ilé ránṣẹ́, ẹ bèèrè ìwé èsì yìí kí ẹ tó fi owó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́.

Iye tí àyẹ̀wò ń gbà kéré sí owó gbogbo ilé. A lè tún òrùlé ṣe, a sì lè pààrọ̀ fèrèsé. Àmọ́ ìpìlẹ̀ tí ilé ti jókòó lé lórí kì í rọrùn láti tún ṣe.