Ọ̀mọ̀wé Ẹnu Iṣẹ́: Oyè Gíga fún Ẹnjiníà tí Kò Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pa òfo. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa fún ẹnjiníà tí ó bá sọ pé òun fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé láì fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Wọn a ní kí ó mú ọ̀kan: yálà ilé-iṣẹ́ tàbí yunifásítì. Ìmọ̀ràn àgbà ni, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, oyè kan wà tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oyè náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín: ohun tí ó jẹ́, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ó yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó ti ọrùn bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lè béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹnjiníà. Èsì mi kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ń ronú irú ẹ̀kọ́ yìí, àwọn òbí tí yóò gbàdúrà fún wọn, tí yóò sì máa bá wọn tọ́jú ọmọ, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó jẹ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè náà kò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìjà pọ̀ kí ẹnjiníà tó di ọ̀mọ̀wé. Ní ilẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́, yunifásítì nìkan ni ó ní àṣẹ láti fi ènìyàn jẹ ọ̀mọ̀wé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ kò ní àṣẹ náà, àwọn yunifásítì kò sì fẹ́ kí wọ́n ní in. Ọdún 1899 ni Kaiser Wilhelm II, tí í ṣe ọba Prussia, fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ náà ní àṣẹ láti máa fi oyè tí à ń pè ní Dr.-Ing. dá ènìyàn lọ́lá. Bí Ph.D. ni oyè yìí rí: oyè ìwádìí ni.

Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti fìdí múlẹ̀, ní ọdún 1992. Ṣáájú àkókò náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń ráhùn pé ẹni tí ó gba Ph.D. mọ ohun kan jinlẹ̀jinlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kò mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń rìn. Ìgbìmọ̀ kan tí John Parnaby jẹ́ alága rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì dámọ̀ràn oyè tuntun. Àjọ ìjọba tí ń náwó lé ìwádìí lórí nígbà náà, SERC, ni ó gbé e kalẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó di EPSRC ní ọdún 1994 ni ó sì bá a lọ. EngD ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì Warwick àti Swansea wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi lélẹ̀. Nínú àkókò yìí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ilé-iṣẹ́. Ìyókù ni ó ń lò ní yunifásítì. Ó ní alábòójútó méjì: olùkọ́ kan ní yunifásítì, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́. Ó sì ń gba ẹ̀kọ́ lórí ètò owó àti ìṣàkóso iṣẹ́ mọ́ ti ẹ̀rọ. Àwọn kan jẹ́ ọ̀dọ́ tí yunifásítì rán lọ sí ilé-iṣẹ́. Àwọn mìíràn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ẹnjiníà kan ń bá ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ń pàdánù omi nítorí pé àwọn páìpù abẹ́ ilẹ̀ ń jò, kò sì sí ẹni tí ó lè hú gbogbo ìlú láti wá ojú ibi tí ó ti ń jò. Àwọn ẹnjiníà mọ ọgbọ́n kan: ní nǹkan bí agogo méjì sí mẹ́rin òru, nígbà tí ìlú bá ti sùn, ènìyàn díẹ̀ ni ó ń pọn omi. Bí omi púpọ̀ bá ṣì ń lọ ní àdúgbò kan ní àkókò náà, a jẹ́ pé jíjò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. lè gbé irú irin kan wọ yàrá ìwádìí, kí ó wo bí sísán ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹnjiníà tiwa yóò béèrè ìbéèrè mìíràn: báwo ni mo ṣe lè lo àkọsílẹ̀ omi òru tí ó wà lórí tábìlì mi láti mọ páìpù tí yóò bẹ́ kí ó tó bẹ́, iye wo ni yóò sì ná ilé-iṣẹ́ wa?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èyí rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá kàn tún páìpù ṣe, iṣẹ́ oṣù rẹ̀ ni ó ṣe. Kí ó tó jẹ ọ̀mọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀nà tí òun gbà jẹ́ tuntun, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dúró níwájú àwọn olùdánwò láti gbèjà rẹ̀. Níhìn-ín ni ó ti yàtọ̀ sí iṣẹ́ kíkọ́ nílé alágbẹ̀dẹ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá lè rọ ọkọ́ àti àdá bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń rọ ọ́, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò sì gba òmìnira. Ọ̀mọ̀wé ní láti mú ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ eku méjì

Ibi tí òwe wa ti bá oyè yìí mu nìyí. Bí ìṣòro tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá jẹ́ ìṣòro kan náà tí ènìyàn ń ṣe ìwádìí lé lórí, eku kan ṣoṣo ni ó ń lé. Ohun tí ó bá rí lójú iṣẹ́ yóò wọ inú àpilẹ̀kọ rẹ̀, ohun tí ó bá kà yóò sì wúlò lójú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dá lórí páìpù, tí ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí ọkọ̀ òfuurufú, eku ti di méjì nìyẹn, òwe àgbà yóò sì ṣẹ mọ́ ọn lára. Nítorí náà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ó wo nǹkan mẹ́rin.

Èkíní ni ìwé àdéhùn. Ọ̀gá tí ó fọwọ́ sí i lónìí lè kúrò níbẹ̀ lọ́la. Bí àsìkò ìwádìí àti owó ẹ̀kọ́ kò bá sí nínú ìwé, ọ̀gá tuntun lè ní òun kò gbọ́ ọ rí.

Èkejì ni àṣírí. Ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ kí ẹni tí ń bá a du ọjà rí ìwé rẹ̀. Yunifásítì sì fẹ́ kí ayé ka ìwádìí. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ohun tí wọn yóò tẹ̀ jáde àti ẹni tí yóò ni ín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilé. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi kọ̀wé. Ìyàwó tàbí ọkọ, àti àwọn ọmọ, wà lára àwọn tí ó ń san owó oyè náà.

Ẹ̀kẹrin ni orúkọ. Lẹ́tà kan náà lè dúró fún ohun ọ̀tọ̀. Ní ilẹ̀ Netherlands, láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń pe ètò ọlọ́dún méjì kan ní EngD. PDEng ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ Ph.D. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Johns Hopkins ní D.Eng. fún àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí àkójọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ti dípò ìwé àpilẹ̀kọ kan gbọọrọ. Kí olúwarẹ̀ bi wọ́n ní ibi tí ó fẹ́ lo oyè náà bóyá wọ́n kà á sí.

Ní ilẹ̀ tiwa

Ìkìlọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ ga nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì wa, Ph.D. ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, COREN, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, ni ó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé kò lè dípò èyí. Ṣùgbọ́n irúgbìn èrò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti ọdún 1973 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ wa ti ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES. Bí a bá gbà pé ilé-iṣẹ́ lè kọ́ ẹni tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti gbà pé ó lè kọ́ ẹni tí ń wá oyè tí ó ga jù lọ.

Nítorí orúkọ tí mo sọ yìí, mo dá a lábàá fún ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí a máa pe Ph.D. ní ọ̀mọ̀wé ìwádìí, kí a sì máa pe EngD ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀mọ̀wé ẹnu iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá.

Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ni ó ń bá àwọn ẹnjiníà wa fẹ̀yìn tì lọ́dọọdún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kan mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Oyè tí ó bá lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó kọ̀wé láì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oyè tí ó yẹ kí a mọ̀ ni.