Ìlú Tí Àpò Rẹ̀ Gbẹ: Ẹ̀kọ́ Ìṣúná Owó Láti Inú Eré Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe bí ó ti mọ kì í tẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n mímọ ìwọ̀n ara ẹni gan-an ni iṣẹ́. Ibi tí n kò rò rárá ni mo ti tún ẹ̀kọ́ yìí kọ́ láìpẹ́: nínú eré orí kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi ń ṣe.

Ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ kan, àkọ́bí mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11, sáré wọ ilé ìdáná wá bá mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Owó ìlú mi ń tán lọ, àwọn ará ìlú sì ń kó jáde." Mo sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀lé e. Lóòótọ́ ni mo rí ìlú kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà. Ilé mélòó kan nínú rẹ̀ ti di ahoro, iye owó tí ó kọ sí ìsàlẹ̀ sì ti di pupa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó dìde, kí èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ètò ìṣúná owó ilé tẹ ìlú tuntun dó, kí n fi bí a ti ń ṣe é hàn án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú tèmi náà ti wọ gbèsè. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

BÍ ERÉ NÁÀ TI RÍ

Will Wright, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe èyí tí ó sọ irú eré ìtẹ̀lúdó báyìí di ìlúmọ̀ọ́ká. Ó ti kọ́kọ́ ṣe eré kan tí ó jáde ní 1984, nínú èyí tí a ti ń ju bọ́ǹbù sí orí àwọn erékùṣù. Bí ó ti ń ṣe é ni ó rí i pé kíkọ́ àwọn erékùṣù náà dùn mọ́ òun ju pípa wọ́n run lọ. Láti inú èrò yẹn ni SimCity ti jáde ní 1989. Èyí tí ọmọ mi ń ṣe ni Cities: Skylines, tí ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Finland ṣe, tí ó sì jáde ní 2015.

Nínú eré yìí, ẹ̀yin ni olórí ìlú. A ó fún yín ní ilẹ̀ òfìfo àti owó eré 70,000. Ẹ ó la títì, ẹ ó fa omi àti iná, ẹ ó sì pín ilẹ̀ fún ilé gbígbé, fún ṣọ́ọ̀bù àti fún ilé iṣẹ́. Bí ibẹ̀ bá tu àwọn ènìyàn lára, wọn yóò wá kọ́lé síbẹ̀, wọn yóò sì máa san owó orí. Ìdá 9 nínú 100 ni owó orí náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni oúnjẹ ìlú. Kò sí ọ̀tá kankan tí yóò gbé ogun wá bá yín. Owó gan-an ni ogun náà.

IYE TÍ A RÀ Á, IYE TÍ Ó Ń JẸ

Ohun gbogbo tí ẹ bá kọ́ nínú ìlú yìí ni ó ní iye méjì. Iye kìn-ín-ní ni èyí tí ẹ ó san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye kejì ni owó ìtọ́jú, tí ẹ ó máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ohun náà bá wà. Títì ń jẹ owó. Ẹ̀rọ omi ń jẹ owó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ju ọmọ díẹ̀ nínú ń jẹ owó bí èyí tí ó kún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú nìyí. Bí ìlú bá ti gbèrú dé ìwọ̀n kan, eré náà yóò fún yín ní ẹ̀bùn owó, yóò sì fún yín láṣẹ láti kọ́ àwọn ohun tuntun: ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ panápaná. Èmi, bí mo ti rí ẹ̀bùn gbà, mo kọ́ gbogbo wọn ní ìjókòó kan. Ẹ̀bùn náà tó o, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ohun tí ó ń jáde ti ju ohun tí ó ń wọlé lọ.

Mo fi owó orí kún. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn, àwọn mìíràn kó lọ, owó tí ó ń wọlé sì tún dín sí i. Mo dín owó iná kù. Iná kò ká ìlú mọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà nínú òkùnkùn, wọ́n sì di ahoro. Mo wá yá owó ní báńkì inú eré náà. Owó ọ̀hún jẹ́ kí n mí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n sísan án padà pẹ̀lú èlé di ẹrù mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wàhálà kan ń bí òmíràn.

NÍBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BÁ MI WÍ

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ohun tí ó gba ẹ̀rín lẹ́nu mi ni pé mo ti rí irú ìlú yìí rí, inú ilé tèmi sì ni mo ti rí i. Ní 2022, mo yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ra fírísà ńlá kan àti jẹnẹrétọ̀, kí n lè máa ta omi tútù àti yìnyín níwájú ilé. Mo ṣírò iye tí n ó rà wọ́n dáadáa. N kò ṣírò iye tí wọn yóò máa jẹ: owó epo, owó àtúnṣe, owó ọmọ tí ń bá mi tà á. Nígbà tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, tí epo sì gbówó lérí lójijì, èrè ọjà kò tó owó epo mọ́.

Dípò kí n dúró kí n ro ó, mo yá owó mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi láti fi san ti àkọ́kọ́, n kò sì sọ fún ọkọ mi. Ó dé ọjọ́ kan tí wọ́n dá ọmọ mi obìnrin padà láti ilé-ẹ̀kọ́ nítorí owó. Ọjọ́ náà ni baba rẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, gbèsè náà kò dùn ún tó bí mo ti fi í pamọ́ fún un. Oṣù 14 ni ó gbà wá kí a tó san án tán, ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tún máa gba ọ̀rọ̀ owó gbọ́ lẹ́nu mi.

BÍ A TI YỌ ÌLÚ ỌMỌ MI

Ọmọ mi fẹ́ pa ìlú rẹ̀ rẹ́, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kí á wò ó bóyá a lè yọ ọ́. Ohun tí a ṣe nìyí, ó sì wúlò fún ilé bí ó ti wúlò fún ìlú.

Ìkíní, a dá eré náà dúró. Bọ́tìnnì kan wà tí a ń tẹ̀ tí àkókò yóò fi dúró; owó kò ní máa jáde, ẹ ó sì lè ka ìwé ìnáwó ìlú ní ìrọ̀rùn. Ilé kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tọkọtaya lè fẹnu kò pé fún ọ̀sẹ̀ kan, yàtọ̀ sí oúnjẹ, a kò ní ra ohunkóhun, a kò sì ní yá owó, títí a ó fi kọ gbogbo ìnáwó wa sínú ìwé.

Ìkejì, a wá ohun tí ń jẹun tí kò bọ́ ẹnikẹ́ni. A rí títì gígùn kan tí kò sí ilé kankan létí rẹ̀; a wó o. A rí i pé iná tí ìlú ń pèsè ju èyí tí ó ń lò lọ. A dín owó rẹ̀ kù níwọ̀nba. Nínú ilé, ẹ wo ohun tí ẹ ń san owó lé lórí lóṣooṣù tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Ìkẹta, a kò fọwọ́ kan ohun tí ẹ̀mí ìlú dúró lé. Omi tí wọ́n ń mu àti iná tí wọ́n ń lò kò ṣeé dín. Oúnjẹ ọmọ, oògùn, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ tí ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, bí ẹ bá gé ìwọ̀nyí, owó tí yóò wọlé lọ́la ni ẹ gé.

Ìkẹrin, dípò kí á fi owó orí kún, a fi àwọn tí ń san án kún. Eré náà máa ń fi ohun tí ìlú ń fẹ́ jù hàn: ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù, tàbí ilé iṣẹ́. Pípín ilẹ̀ etí títì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ fún wọn kò ná wa ní kọ́bọ̀. Nínú ilé pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ti ní kí ẹ tó ra ohun tuntun. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá lè mówó wá ju fírísà tí ẹ ó yá owó rà.

Ìkarùn-ún, a kò tún yá owó láti fi san owó ìtọ́jú. Owó tí a bá yá gbọ́dọ̀ lọ sórí ohun tí yóò san án padà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá yá owó jẹun lónìí yóò tún jẹun lọ́la.

Ìkẹfà, a kò ṣe ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Bí ẹ bá kọ́ ilé rẹpẹtẹ nígbà kan ṣoṣo nínú eré yìí, àwọn tí yóò kó wọ inú wọn yóò jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Wọn yóò dàgbà pọ̀, wọn yóò sì kú ní àsìkò kan náà, títí ọkọ̀ agbókùú kò fi ní ká wọn mọ́, tí ọ̀pọ̀ ilé yóò sì ṣófo lọ́jọ́ kan. Ohun tí a bá rà pọ̀ ni ń gbó pọ̀. Ẹ máa ra bàtà, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ohun èlò ilé ní ìdíwọ̀n-ìdíwọ̀n, kí gbogbo wọn má baà béèrè owó ní oṣù kan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, iye tí ó pupa padà di àwọ̀ ewé. Ọmọ mi hó yèè. Ọkọ mi, tí ó ti ń wò wá láti orí àga rẹ̀, ní, "Ìyá Adé, ṣé ẹ ó lè bá èmi náà ṣe ti ilé yìí báyìí?" Láti ìgbà náà, ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù, a jọ ń jókòó ka ìwé ìnáwó wa. Nítorí bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń difá lọ́rọọrún.

N kò ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín jókòó ti kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe irú eré yìí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Kí ẹ sì rántí ìyàtọ̀ kan: ìlú tí ó bá bàjẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, a lè pa á rẹ́ kí á tẹ òmíràn dó. Ilé tí a gbé ọmọ sí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjà ní oṣù tí ó kọjá, mo dúró síwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ dáradára kan, iye rẹ̀ sì ti ń wọ̀ mí lójú. Ọmọ mi fà mí láṣọ. Ó ní, "Màmá, èló ni yóò máa jẹ lọ́sẹ̀?" A jọ ṣírò omi, iná àti ọṣẹ, a sì yíjú padà sílé. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi ara yín bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣí àpò. A ó máa rí owó ná o, a kò sì ní fi í jẹ gbèsè.