Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Akin? Àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú àti Ojú tí Gẹ̀ẹ́sì Fi Ń Wo Ọkùnrin

Títí di oṣù kẹwàá ọdún 1939, ẹni tí ìran rẹ̀ kì í bá ṣe ti Yúróòpù ní tìyá-tìbàbá kò lè di ọ̀gá nínú RAF, iṣẹ́ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Àgbáyé Kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ló tú òfin náà. Láti ìgbà náà ni ìwọ̀nba ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, aṣọ tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di àmì ọkùnrin tó péye.

Ọ̀rọ̀ ológun kò ṣàjèjì sí àwa ará Òkè-Ògùn. Ní Ṣakí, báráàkì sójà ń jẹ́ orúkọ òkè Asabari. Ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò, wọn kò gbàgbé ọdún 1916 tí àwọn baba wọn dìde sí ìjọba òyìnbó, tí sójà sì fi ìbọn tẹ̀ wọ́n rì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a béèrè: nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wà lójú ogun, ta ló ń pè ní ọkùnrin, kí ló sì gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè bẹ́ẹ̀?

Ọdún 1940 ni àwòrán ọkùnrin tó péye yìí fìdí múlẹ̀ lọ́kàn Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù Jámánì ń da bọ́ǹbù sórí ìlú wọn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń gòkè lọ pàdé wọn lófurufú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún náà, Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dìde nílé ìgbìmọ̀, ó yin àwọn ọ̀dọ́ náà. Láti ìgbà náà, fíìmù, ìwé ìròyìn àti pátákó ìpolówó gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún bí ẹni gba igbá ọtí. Ọmọ ogun òfurufú gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, kí irun rẹ̀ máa dán fún òróró, kí àmì ìyẹ́ tí wọ́n fi òwú rán wà láyà rẹ̀ lápá òsì. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kú láàárọ̀, kò gbọdọ̀ sọkún lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni kó fi sọ ọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an yàtọ̀ sí ti inú fíìmù. Ẹ jẹ́ ká mú bàálù Halifax, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ǹbù. Èèyàn méje ló ń wọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó gbéra ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fún wọn ní ẹyin díndín, oúnjẹ tí àwọn ará ìlú kì í rí jẹ dáadáa nígbà náà. Lókè, òtútù a máa mú débi pé ìka ọwọ́ lè kú. Ẹni tó ń yin ìbọn nídìí bàálù yóò dá jókòó sínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀yìn ló kọ sí gbogbo àwọn tó kù. Ìgbà 30 ni wọ́n retí kí ẹnì kan lọ kó tó sinmi. Nínú nǹkan bí 125,000 tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka tó ń ju bọ́ǹbù, 55,573 ló kú. Nínú ẹni mẹ́wàá, ó ju mẹ́rin lọ tí kò padà sílé.

Kò sí ẹni tí wọ́n fipá mú gun bàálù. Gbogbo wọn ló fínnúfíndọ̀ wá. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti fò títí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò rí oorun sùn mọ́, tó wá ní òun kò lè lọ mọ́, wọ́n lè kọ LMF sínú ìwé rẹ̀, ìyẹn ni pé kò láyà. Wọ́n á já ìyẹ́ àyà rẹ̀, wọ́n á sì tètè mú un kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ìbẹ̀rù má baà ràn. Ìkà gbáà ni mo ka èyí sí. Ara tó ti rẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ ojo pè.

Àwa náà ní òfin akin tiwa. Ẹ̀ṣọ́ 70, ìyẹn àwọn ọ̀gá ogun, ló wà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn. Bí Aláàfin bá rán an lógun, láàárín oṣù mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Òfin yìí le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ náà ló fi òwe sílẹ̀ fún wa pé akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Yorùbá fi àyè sílẹ̀ fún ọgbọ́n nínú akin; Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1940 kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Inú òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì yìí ni àwọn ọmọ wa kó sí, wọ́n sì kún un. Peter Thomas, ọmọ oníṣòwò kan ní Èkó, àbúrò Stella Thomas agbẹjọ́rò, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá nínú RAF. Ìjàǹbá bàálù ló pa á ní oṣù kìíní ọdún 1945. Akin Shenbanjo wà nínú ẹgbẹ́ 76 ti RAF, àwọn tó ń bá a fò sì kọ “Achtung! The Black Prince” (Ẹ ṣọ́ra! Ọmọba Dúdú) sára Halifax wọn nítorí tirẹ̀. Johnny Smythe wá láti Freetown, láàárín àwọn Kírió tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Iṣẹ́ títọ́ bàálù sọ́nà ló ń ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, Jámánì já bàálù wọn lulẹ̀. Ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n títí ogun fi parí. Ó padà di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sierra Leone. Ojú àwọn aláwọ̀ funfun kan náà tó ń wò wọ́n bí akọni nínú aṣọ ogun lè yí padà ní kété tí wọ́n bá bọ́ ọ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa fi rin ogun tiwọn, ní Bọ́mà. Isaac Fadoyebo láti Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ ní 1944 nígbà tí ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tó fi dùbúlẹ̀ nínú igbó, tí àwọn ará abúlé ń gbé oúnjẹ wá fún un ní bòńkẹ́lẹ́, kí wọ́n tó rí i gbà. Kò ní ìyẹ́ láyà, kò sí fíìmù tó yìn ín nígbà náà. Bí ìfaradà bá jẹ́ ara ohun tí a fi ń mọ ọkùnrin, mi ò rí ẹni tó jù ú lọ.

Àwọn obìnrin náà wà lókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, obìnrin tó lé ní 160 ló ń wa bàálù ogun láti ilé iṣẹ́ lọ sí pápá, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí wọ́n jà. Lọ́dọ̀ wa, ọdún 1964 la dá iṣẹ́ ogun òfurufú sílẹ̀, àwọn ará Jámánì sì wà lára àwọn tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2019 kí Kafayat Sanni tó gba ìyẹ́ bàálù ìjà, tí Tolulope Arotile sì gba ti hẹlikóbítà ìjà, àwọn obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó dé ibẹ̀.

Ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣí ọwọ̀n ìrántí àwọn tó ń ju bọ́ǹbù ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Kí tiwa má ṣe pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ilé tí fọ́tò tàbí ìwé baba tó lọ sí Bọ́mà bá wà, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn tàbí níbikíbi ní Òkè-Ògùn, kí wọ́n kọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò náà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé ìwé tó wà nítòsí, nígbà tí ẹni tó dá ojú rẹ̀ mọ̀ ṣì wà láàyè.