Ìsọ̀ tó di kíníìkì: ẹ̀kọ́ láti Ìbàdàn fún ọlọ́jà Pápá Àjàó

Ẹni tó bá mọ Pápá Àjàó, ní Mushin, yóò mọ ọjà Ládìpọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ kò lè ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ tò sórí ìlà ní ọsibítù láàárọ̀, nítorí ọjà ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Bó ṣe ń sọ pé ọ̀la lòun máa lọ fètò sọ́mọ bíbí nìyẹn, títí oyún tí kò múra sílẹ̀ fún yóò fi dé, tí owó ọjà yóò sì di owó ìkómọ.

Àwọn oníṣègùn UCH, n'Íbàdàn, ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní 1980, àwọn àti Yunifásítì Columbia ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Akínyẹlé. Wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àtàwọn ará abúlé láti máa tọ́jú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n sì máa pèsè ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Kí ọdún 1990 tó dé, wọ́n ti wọ inú ọjà Ìbàdàn. Àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ni wọ́n kọ́, tí wọ́n ń ta kọ́ńdọ̀mù, oògùn oníhóró àti oògùn ibà mọ́ ọjà wọn.

Ẹ̀yin oníṣòwò á ti rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn ò dúró de oníbàárà, wọ́n lọ bá a níbi tó wà. Ẹni tó mọ̀ ló ń tà á fún un. Ẹni tó wá ra oògùn ibà sì lè béèrè èkejì láìsí ìtìjú.

Ní 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládìpọ̀ àti Arábìnrin Grace Delano, tí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ náà, dá àjọ ARFH sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ní 1993, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fún Arábìnrin Delano ní ẹ̀bùn Sasakawa.

Ṣùgbọ́n owó òkè òkun ló gbé púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ báyìí ró. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ní 2025, ọ̀pọ̀ àjọ ló mì. Ta ni yóò wá gbé e?

Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ibi tó súnmọ́ yín, kí ẹ jọ mú ọjọ́ kan lóṣù tí wọn yóò máa wá sọ́jà. Ẹ ya ìsọ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn, kí ẹ ta aṣọ sí i, kí àṣírí lè bò. Owó ìsọ̀ ọjọ́ kan kò tó owó tí oyún òjijì ń kó lọ.